Ìyá Tí Mo Pè Ní Tèmi Níwájú Kámẹ́rà

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ máa ń gbani nímọ̀ràn lójú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Inú mi ń dùn. Ó ń dùn débi pé láti àná ni mi ò ti lè jókòó sójú kan. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ayọ̀ náà tó ń gún mi lọ́kàn, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àṣírí máa tú. Ìdí tí mo fi sáré wá sọ ọ́ nìyẹn.

Ṣakí ni mò ń gbé. Mo ti jáde girama, mò ń ta káàdì ìpè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ màmá mi. Lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan wá sílùú wa tó ń ya fíìmù. Kì í ṣe fíìmù eré o, fíìmù bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé gan-an ni. Àǹtí Kámẹ́rà la sọ ọ́. Etí òkun ló ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́, láàárín àwọn apẹja tó kọ́lé sórí omi. Ó fi ọ̀kan hàn wá lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀. Bàbá arúgbó kan dúró létí omi, ó na ọwọ́ sí àárín òkun, ó ní, "Yàrá tí wọ́n bí mi sí nìyẹn." Omi nìkan la rí. Ara mi bù máṣọ. Látọjọ́ náà ni òkun ti wọ̀ mí lọ́kàn, èmi tí mi ò rí omi tó ju odò Ògùn lọ rí.

Ó ní òun ti ya àwọn ará etí òkun títí, ó tó kí òun ya àwa ará Òkè-Ògùn náà. Ó ń wá ìyá àgbà tó ṣì ń fọwọ́ po òrí, tí ọmọ ọmọ ẹ̀ sì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìyá bẹ́ẹ̀ wà. Ìyá àgbà ọ̀rẹ́ mi Sìdí ni, ìyá tó bí bàbá ẹ̀. Sìdí ò tíì lè dìde dúró nígbà tí màmá ẹ̀ fi í sílẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà ló tọ́ ọ. Kò mọ ìyá mìíràn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Sìdí ni mo lọ kí nílé, àṣé ó ti lọ sí Ìgànná, ó lọ bá àǹtí ẹ̀ yan gààrí. Ìyá Àgbà nìkan ló ń po òrí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè, mo bá a pò ó. Bí Àǹtí Kámẹ́rà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ṣe wọlé bá wa nìyẹn.

Ó ní, "Mọ̀mọ́, ọmọ yín rèé?"

Ìyá Àgbà ní, "Ọmọ mi ni o. Ẹ ò rí i bó ṣe ń pò ó, àfi bí ẹni tó ń fọṣọ ọdún!"

Ẹ̀yin náà mọ àwọn ìyá wa. Ọmọ ta ni kì í ṣe ọmọ wọn? Ọmọ tó ń kiri omi kọjá gan-an, ọmọ wọn ni. Ìyá Àgbà ò purọ́. Èmi ni mo purọ́. Torí bí Ìyá Àgbà ṣe wọlé lọ bu omi, Àǹtí Kámẹ́rà yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá mọ́mì ẹ ni àbí ìyá dádì ẹ?" Mo dáhùn wéré, mo ní, "Ìyá tó bí bàbá mi ni, mà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Òkun ló wà lójú mi. Mo rò ó pé tó bá yà mí, tí mo bá wù ú, ó lè mú mi débẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Wọ́n mú èmi nìkan lọ sábẹ́ dóńgóyárò lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ bó ṣe fi òrí ra imú mi nígbà tí ọ̀fìnkìn ò jẹ́ kí n mí. Mo sọ bó ṣe ń pọ̀n mí lọ sóko, tó ń jẹ iṣu láìlọ́bẹ̀ kí ọbẹ̀ lè tó mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìtàn Sìdí ni gbogbo ẹ̀. Ojú ọ̀nà iléèwé ló ti ń sọ ọ́ fún mi. Mo tún sunkún. Ẹkún gidi ni, Ọlọ́run gbọ́. Àǹtí Kámẹ́rà náà nu ojú.

Nígbà tí Sìdí dé, Ìyá Àgbà sọ fún un pé àwọn kan wá ya òun, pé èmi ni mo ran òun lọ́wọ́. Sìdí wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó bu gààrí Ìgànná wá fún mi, ó ní mo ṣeun tí mo dúró ti ìyá òun. Mo gbà á. Mo mu ún.

Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Àgbà kú. Àwòrán tíńtín tó wà lára káàdì ìdìbò ẹ̀ nìkan ni Sìdí ní. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún mi pé ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni pé ohùn ìyá ti ń sá lọ létí òun. Mo mọ ibi tí ohùn yẹn wà. Inú kámẹ́rà Àǹtí ni.

Lánàá ni Àǹtí Kámẹ́rà pè mí. Fíìmù ti parí! Ó ní òun ń padà sí etí òkun, òun fẹ́ mú mi dání, kí n máa gbé irinṣẹ́, kí n sì kọ́ kámẹ́rà. Ó ní, "Ọmọ tó dàgbà lọ́wọ́ ìyá àgbà ló mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti arúgbó. Irú ẹ ni mò ń wá."

Ẹ gbọ́ o, mo fò! Mo fò lójú títì. Ọlọ́kadà kan dúró, ó ní, "Àǹtí, tẹ́tẹ́ lo jẹ ni?" Mo ní òkun ni mo jẹ! Màmá mi ní, "Ìwọ tí odò tí ò ju orúnkún lọ ń bà lẹ́rù." A rẹ́rìn-ín títí.

Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni mo tó rántí gbólóhùn tí Àǹtí Kámẹ́rà fi parí ọ̀rọ̀. Ó ní kí a tó lọ, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n máa kọ́kọ́ fi fíìmù náà han ará ìlú lórí pápá iléèwé wa. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ibi tó bá ti ya èèyàn, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ń fi í hàn. Ó sì ti sọ fún wa rí pé ọkùnrin kan létí òkun pera ẹ̀ ní apẹja, kò sì fọwọ́ kan àwọ̀n rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í hàn, gbogbo abúlé hó lé Àǹtí lórí. Ó ní díẹ̀ ló kù kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ta ni ò mọ ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà ládùúgbò wa? Wọ́n á hó. Sìdí á sì wà níbẹ̀. Ohùn ìyá tó ti ń wá, á gbọ́ ọ níbi tó ti ń pe èmi lọ́mọ.

Tí mo bá sọ, bóyá mi ò ní rí òkun mọ́. Wàláhì, mo fẹ́ rí òkun.

Ẹ ò mọ èyí tó burú jù. Bí mo ṣe ń tẹ èyí lórí fóònù, Sìdí ló ń dirun fún mi. Irun ìrìn àjò. Ó ní kò sẹ́ni tó máa dì í bí kò ṣe òun. Òrí tó fi ń ra mí lórí, òun ló kù nínú igbá Ìyá Àgbà.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá mi ní èjìká pẹ̀lú òòyà. "Gbé orí sójú kan jàre! Kí lò ń tẹ̀ tó o fi ń gbọ̀n bí adìẹ tí òjò pa?" Mo ní mò ń kí àwọn èèyàn ni. Ó ní, "Tó o bá dé òhún, bá mi bu omi òkun sínú ike. Ṣé lóòótọ́ ni pé ó níyọ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún un báyìí, bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe wà lórí mi yìí, àbí kí n jẹ́ kí Ìyá Àgbà fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ lórí pápá? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Irun ọ̀hún ti dé ìpàkọ́.