Òróró Tí Màmá Fi Pa Bíréèkì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ọpẹ́ ni mo wá dá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí ìyàwó mi sí, tó sì lo àṣìṣe kan láti yọ wá nínú àṣìṣe kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mi ò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní àgbègbè ilé-iṣẹ́ Free Zone. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọkọ̀ eré ìje débi pé bí ọkọ̀ kan bá kọjá lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa ní estate Abraham Adésànyà, màá ti gbọ́ irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ kí n tó rí i. Inú ìwé àti fídíò ni mo ti kọ́ gbogbo rẹ̀. Títílayọ̀ ìyàwó mi kò bìkítà nípa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ ló mọ̀ ọ́n wà. Bí a ṣe pín in nìyẹn: èmi ń tún un ṣe, òun ń wà á.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n ṣe eré ìje ọkọ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Sátidé ni ìdánrawò, Sọ́ńdè ni eré ìje gan-an. Kì í ṣe pápá ni wọ́n ti ṣe é o. Títì inú estate tuntun kan ni, tí wọ́n ti da ọ̀dà sí, ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì kọ́ ilé sí. Wọ́n to kọ́nkéré sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n sì kó ògbólógbòó táyà sí àwọn kọ́nà. Kọ́nà mọ́kànlá ló ní. Mo fi ẹsẹ̀ wọn gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ibi tó fẹ̀ jù, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Kọ́nà kẹsàn-án, ìṣísẹ̀ méje péré, ibẹ̀ ni títì sì ti ká padà sẹ́yìn bí ìwọ̀ apẹja. Àfi kí awakọ̀ yí sítíárìn débi tó lè yí dé. Ibi tí ọkọ̀ ti ń sáré jù lọ ló sì wà ṣáájú rẹ̀. Àyè kò gba òkìtì táyà níbẹ̀: kọ́nkéré ni, lẹ́yìn kọ́nkéré, kòtò ìdominù.

Ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, Pásítọ̀ gbàdúrà fún wa pé kí Ọlọ́run tú àṣírí ohunkóhun tó bá fara sin nínú ọkọ̀ náà. Mo ṣe àmín tó lágbára. Ẹ́ńjìnnì ló wà lọ́kàn mi.

Ìyá Títí ń gbé lọ́dọ̀ wa. Gbogbo yín mọ Màmá. Ọmọ etí òkun ni wọ́n, apẹja ni bàbá wọn, nílé wọn, ọkọ̀ ojú omi kan kì í wọ omi láìjẹ́ pé wọ́n gbàdúrà sí i. Ní àárọ̀ Sátidé, a ti gbé ọkọ̀ eré ìje wa sórí ọkọ̀ akẹ́rù, mo wọlé lọ mu tíì. Màmá mú ìgò òróró wọn, wọ́n yí ọkọ̀ náà ká. Wọn kò sọ fún ẹnì kankan.

A dé ibẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́rìnlá ni wá. Wọ́n ní ká tò tẹ̀lé ara wa, ká kọ́kọ́ rọra yí títì náà ká lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn awakọ̀ lè mọ̀ ọ́n lójú. Títí dé kọ́nà àkọ́kọ́, ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ kò dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ ń lọ bí ẹni tí kò gbọ́ ìpè. Wọ́ọ́rọ́wọ́, ó wọ inú òkìtì táyà, ó sì dúró síbẹ̀. Kò farapa rárá, bọ́ńpà nìkan ló ha díẹ̀.

Wọ́n ti ọkọ̀ náà wá sọ́dọ̀ Alàájì Ràṣídì, àgbàlagbà tó ń yẹ àwọn ọkọ̀ wò. Alàájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi táyà iwájú, wọ́n gbóòórùn, wọ́n wò mí lójú.

"Ẹnjiníà, ṣé àkàrà lẹ fẹ́ dín níbí ni?"

"Àkàrà kẹ̀, Alàájì?"

"Ẹ wá gbóòórùn rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́ ni, òróró ólífì ń rùn, ó ti ń gbóná. Ọ̀kan nínú àwọn tó dúró tì wá ní kí ẹnì kan bá wọn wá àlùbọ́sà. Mo yíjú sí Màmá, tí wọ́n jókòó lórí àga oníke lábẹ́ kánópì, báàgì wọn lórí itan.

"Màmá, ṣé ẹ fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí láàárọ̀?"

"Mo fọwọ́ kàn án, ọmọ mi. Mo fi òróró yà á sí mímọ́."

"Ibo lẹ fi sí?"

"Mo fẹ́ fi sí i lórí, ọwọ́ mi ò tó o lókè níbẹ̀ yẹn. Ni mo bá ki ọwọ́ bọ ibi ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rí irin kan tó ń dán níbẹ̀. Mo ní ohun tó dán tó báyìí, ó ní láti ṣe pàtàkì. Mo fi pa á dáadáa. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Ẹ̀yin ará, irin tó ń dán yẹn ni bíréèkì ń gbá mú kí ọkọ̀ tó lè dúró. Ẹni tó bá fi òróró sí i, bí ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ olóróró mú ẹja àrọ̀ ni. Màmá, ẹ forí jì mí níwájú gbogbo ìjọ: inú bí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ti la ẹnu láti sọ ohun tí àna kì í sọ sí àna. Títí tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, mo pa ẹnu dé.

Mo ní kí a kàn fi pẹtiróòlù nu irin náà, nítorí àkókò ń lọ. Alàájì ní rárá, kí a tú gbogbo táyà. A tú ti iwájú lápá òsì. Alàájì ní kí Títí yí sítíárìn dé òpin. Wọ́n ki ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ta ló so rọ́bà bíréèkì yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ wá wò ó."

Rọ́bà yìí ló ń gbé omi bíréèkì lọ síbi táyà. Èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìgbà tí táyà dúró ṣánṣán ni mo so ó, mi ò yí sítíárìn wò. Gbogbo ìgbà tí Títí bá yí i dé òpin, táyà ń ha rọ́bà náà. Níbi tó ti ń dánra wò lórí ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́yìn estate wa, ẹ̀yìn rọ́bà ti bó. Mo rí òwú inú rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí a gbé ọkọ̀ lọ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó gbé e padà sílé, táyà bò ó, kò sẹ́ni tó lè rí i.

Alàájì ní, "Bó bá tún yí i báyìí lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, á bẹ́."

Mi ò ní kí wọ́n sọ ibi tí ì bá ti bẹ́ fún mi. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ wọn kọ́nà kẹsàn-án.

Mo lọ bá Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn. Wọ́n ní, "Dìde, aṣọ rẹ ti dọ̀tí. Ṣé mo ba nǹkan jẹ́ ni?" Mo ní, "Màmá, ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Èmi ni."

Mo padà sọ́dọ̀ Títí. Ó di rọ́bà náà mú, ó ń wò ó. Mo ní kí a máa lọ sílé, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara mi mọ́.

Ó ní, "Bàbá Tómi, ẹ tún un so. Ẹ̀yin náà ni kí ẹ so ó. Alàájì á wá wò ó gbẹ̀yìn."

"Ṣé ẹ̀rù ò bà ẹ́ ni?"

"Ó ń bà mí. Ìdí tí mo fi ní kí Alàájì wò ó nìyẹn."

Rọ́bà tuntun, páàdì tuntun tí yóò máa gbá irin mú, a fọ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí a fi máa parí, ìdánrawò ti tán, wọ́n sì fi wá sẹ́yìn gbogbo ọkọ̀. Ní Sọ́ńdè, a wá sí ìsìn àkọ́kọ́ níbí, Títí wọ aṣọ eré ìje rẹ̀ sábẹ́ bùbá. Nígbà tí a dé ọ̀hún, Màmá tún yọ ìgò wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi sí Títí lórí, kí wọ́n sì fi díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, torí ọwọ́ tó so rọ́bà yẹn nílò rẹ̀. Alàájì Ràṣídì pè mí láti òkèèrè: "Ẹnjiníà, àmín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nu ọwọ́ yẹn kí ẹ tó fọwọ́ kan ọkọ̀."

Ìyípo ogún ni wọ́n sá. Mo lọ dúró síbi kọ́nà kẹsàn-án, lẹ́yìn wáyà. Màá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń bọ̀ pẹ̀lú gíà kẹrin, á já sí kẹta, á já sí kejì, iná pupa bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ á tàn, á yí, á lọ. Àwọn tó yí mi ká ń ka ipò. Èmi ń ka iná pupa. Ó tàn nígbà ogún, ó sì dúró nígbà ogún. Ipò kẹsàn-án ló ṣe. Ó ní kí n sọ fún yín pé mẹ́rin ni òun fúnra òun yọ sílẹ̀, ọ̀kan ló bàjẹ́.

Ẹ̀yin ará, èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo irin inú ọkọ̀ náà, mi ò rí i. Ọlọ́run rán ẹni tí kò mọ ìkankan nínú wọn. Ẹ wo ìlà kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹni tí à bá máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀ yẹn, tó ń ṣẹ́jú sí mi pé ọ̀rọ̀ mi ti gùn jù. Ẹ bá mi yọ̀ pé ojú yẹn ṣì wà láti ṣẹ́ sí mi. Ti Ọlọ́run ni ògo.