Ẹran Yìí Ò Tíì Jinná

Alága wa, Bàbá Ògúntúyì tó ni oko ẹlẹ́dẹ̀ yìí, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin àgbà àdúgbò Adégbayì, mo kí yín. Ìyá Zubaidah, ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ sì tún wá nítorí mi. Ìrẹsì tiyín wà lọ́tọ̀, ìkòkò rẹ̀ ò fara kan tiwa. Bọ̀ọ̀dá Ọládòṣù, mo juwọ́ sí yín, torí ẹ ò lè gbọ́ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Èmi Wùnmí kì í sọ̀rọ̀, ẹ mọ̀. Tínú bá ń bí mi, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ni mo máa ń lọ jókòó sí. Lọ́la mò ń lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Mọ́níyà, inú mi ò sì dùn tó bẹ́ ẹ ṣe rò. Ta ló máa bá mi jà níbẹ̀ bíi Dìpẹ̀ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lóko yìí? Dìpẹ̀, gbé ọ̀bẹ yẹn kúrò lára ẹran. Mo rí ẹ. Ta ló ń pariwo pé ebi ń pa òun? Ẹ ní sùúrù.

Ní Kérésì tó kọjá, Bọ̀ọ̀dá Ọládòṣù ló pa ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀bẹ gé wọn lọ́wọ́, wọ́n faṣọ wé e, wọ́n ń báṣẹ́ lọ. Wọ́n tún jẹ ẹ̀tọ́ apẹran, ègé tá a máa ń yọ lórí iná fún ẹni tó pa á, tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀. Kò pẹ́, ibà dé, orí ń fọ́ wọn, ọrùn wọn gan. Gbogbo wa ń wá ọ̀tá kiri. Nọ́ọ̀sì ní kòkòrò àrùn láti ara ẹlẹ́dẹ̀ ni, pé ó lè gba ojú egbò wọlé, ó sì lè wà nínú ẹran tí ò jinná. Abẹ́rẹ́ gba ẹ̀mí wọn là, kò rí etí wọn gbà. Wọ́n ṣì ń súfèé pe àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ń gbọ́, Bọ̀ọ̀dá fúnra wọn ò gbọ́.

Lónìí, Dìpẹ̀ ló pa ẹran, ó ní ẹ̀tọ́ òun dà. Ẹ̀tọ́ wo? Ṣé etí ẹ ti pọ̀ jù ni?

Bàbá, ẹ̀bùn tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín ò ju kí ẹ̀tọ́ yẹn parí lónìí. Kẹ́ni tó légbò lọ́wọ́ má sì fọwọ́ kan ẹran tútù mọ́. Ẹ mirí pé bẹ́ẹ̀ ni? Mo dúpẹ́, bàbá mi. Kì í ṣe pé mo lọ́rọ̀ púpọ̀ sọ o. Ẹran ni mò ń dúró dè.

Dìpẹ̀, gé e wò báyìí. Kò pọ́n nínú mọ́? Gbé e fún Bọ̀ọ̀dá Ọládòṣù kí wọ́n wò ó. Wọ́n na àtàǹpàkò sókè!

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi etí wa ra ẹran jẹ. Kí n padà wá bá gbogbo yín láàyè, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn mi tí mo bá pè yín láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ ṣé o. Ó yá, ẹ wá jẹun.