Wọ́n Ní Ìgò Máńgòrò Ló Bẹ́

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Obìnrin tó ń dirun nínú pálọ̀ àpátímẹ́ńtì ní Gulfton, ní Houston níbí, kí ló fẹ́ mọ̀? Ọ̀mọ̀wé kún ilé ọkọ mi, àwọn ló yẹ kí wọ́n bi. Síbẹ̀ èmi aláìmọ̀kan ni ọlọ́pàá ń pè, torí èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé Rùkáyà lọ sí ọsibítù. Mo ti fọ ìjókòó ọkọ̀ náà títí, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ò kúrò níbẹ̀.

Máńgòrò ló fà á. Nígbà tí ìyá ọkọ mi, Alhaja, kọ́kọ́ dé Houston, wọ́n tọ́jú ìyá òyìnbó arúgbó kan tó máa ń se èso pamọ́ sínú ìgò. Alhaja kọ́ ọ, wọ́n fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sí i, ó sì di ẹ̀sìn kejì nínú ilé wa. Bí ooru bá ti mú, gbogbo àwa ìyàwó àti ọmọ obìnrin ilé á kóra jọ sí kíṣìnì wọn ní Humble, lẹ́bàá Houston. A ó fi ṣúgà se máńgòrò, a ó rọ ọ́ sínú ìgò, a ó dé e, a ó tún se ìgò náà nínú omi. Lẹ́yìn náà, kálukú á to tirẹ̀ sórí táwẹ̀lì, a ó wá máa dẹtí. Bí ìgò bá ń tutù, àárín ọmọrí á fà wọnú, á dún “tó.” Èyí tí kò bá dún kò dé dáadáa nìyẹn, Alhaja á sì wo ẹni tó ni ín bí ẹni tó jalè. Ẹ wá wo àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń gbàdúrà fún ọmọrí ìgò. Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa ro mí.

Lọ́dún yìí, tiwa dún. Ti Àǹtí Sidi, àkọ́bí Alhaja, ò dún rárá. Gbogbo wa gbójú sókè, à ń wo àjà bí ẹni pé òṣùpá wà níbẹ̀. Rùkáyà nìkan ni kò mọ̀ pé ó yẹ ká díbọ́n. Ìyàwó àbíkẹ́yìn ilé ni, kò tíì pẹ́ tó ti Ìlọrin dé, ìyá rẹ̀ sì ti kọ́ ọ pé èèyàn kì í jókòó kí àgbà máa ṣiṣẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ sinmi, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún tiyín sè.” Ó sì gbé ìgò kan nílẹ̀.

“Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án? Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ nílé ìyá mi?”

“Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni.”

Àǹtí Sidi já ìgò gbígbóná náà gbà, ó là á mọ́ ọn lójú. Ìgò fọ́. Ó tún fi àkúfọ́ ọwọ́ rẹ̀ gún un. Ṣúgà gbígbóná lẹ̀ mọ́ ọrùn ọmọ náà. Nígbà tí mo da omi sí i, awọ bá máńgòrò ṣí. Síbẹ̀ Àǹtí fa irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ta á nípàá nínú. Alhaja ò gbé ohùn sókè. Wọ́n kàn sọ pé, “Ìgò ló bẹ́,” wọ́n sì ní kí ẹnì kan wá nu ilẹ̀. Kí n tó rí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, gbogbo ilé ti ń sọ ọ́. Ọkọ Rùkáyà sáré dé ọsibítù láti Baytown, kò béèrè ojú ìyàwó, ohun tí mo sọ fún dókítà ló ń béèrè. Rùkáyà fúnra rẹ̀ ní ìgò ló bẹ́. Ojú òsì rẹ̀ ò ríran mọ́.

Mo rò pé ó tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ dirun fún un, mo bá àmì ìka ọwọ́ lọ́rùn rẹ̀, lórí àpá iná náà gan-an.

“Àǹtí ni,” ló wí. “Wọ́n ní mo wo àwọn níwòkuwò.”

Ojú kan ṣoṣo náà ló fi wò wọ́n níwòkuwò. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀ pé kí n má sọ ọ́, pé ọwọ́ ọkọ òun ni ìwé ìgbélùú òun wà, wọ́n á dá òun padà sílé láìsí ojú, láìsí ọkọ. Ọkọ tèmi náà ti ní bí mo bá la ẹnu, kí n wá ibi tí n óò máa sùn. Bí n kò bá sì là á, mo mọ ọwọ́ Àǹtí Sidi, ojú kan ló kù tí yóò fọ́. Ọ̀la ni ọlọ́pàá ń retí mi. Kí ni kí n sọ?