Ọjọ́ Tí Àánú Nawọ́ Sókè Lórí Dẹ́kìn

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ẹnu, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kó bá mi pa á dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹja lọ́wọ́ mi ní ọjà Ajah ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ní kí wọ́n bá mi kọ ẹ̀rí yìí sínú ìwé ni, kí n má baà sọnù sínú ọ̀rọ̀, torí Pásítọ̀ ti ń wo aago.

Lọ́dún kòrónà, ẹ̀yìn Thomas Estate là ń gbé, nínú ilé alájà kan tí wọn kò tíì kọ́ tán. Bíríkìlà ni ọkọ mi, ará Ìkìrun. Ẹni tó nilé ní ká máa gbé ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ká máa bá òun ṣọ́ ọ, kí àwọn ọmọ onílẹ̀ má baà tún un tà fún ẹlòmíràn. Ilé náà kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé, ṣùgbọ́n ó ní dẹ́kìn lókè, kọnkéré gbalasa, láìsí ògiri tàbí irin létí rẹ̀. Ìjọba wá ní kí kálukú jókòó sílé, kó ti ilẹ̀kùn. Mo ní, ilẹ̀kùn wo?

Ọkọ mi ti lọ wo ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun kí wọ́n tó ti ọ̀nà, ó sì há síbẹ̀. Ó wá ku èmi àti Àánú, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Wọn kì í jẹ́ ká ṣí ọjà lójoojúmọ́ nígbà yẹn. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ọjà, ẹ̀yìn ilé ni mo ti máa ń yan ẹja tí mo rà ní Eleko. Èéfín yẹn ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti Màmá Tòbi, tó ń gbé inú ilé ńlá tó kángun sí tiwa.

Wọ́n á yọrí lójú fèrèsé: "Ìyá Àánú, èéfín yín tún ti wọ párlọ̀ mi o. Kọ́tìnnì mi ń rùn bí ẹja."

Èmi náà á ní: "Ẹ fi jẹ ẹ̀bà, Mà. Mi ò gbowó òórùn."

Mo ti sọ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ sí wọn. Ilé Ọlọ́run nìyí, mi ò ní tún un sọ.

Ilé ìwé Àánú ti tì pa. Ti Tòbi náà tì, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ nínú kọ̀ǹpútà. Láràárọ̀ ni ohùn tíṣà ń jáde láti ojú fèrèsé wọn. Mi ò mọ̀ pé ọmọ tèmi náà ń lọ sí ilé ìwé yẹn. Á gun orí dẹ́kìn, á jókòó sétí, á jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì máa fì nísàlẹ̀, á máa gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ Tòbi. Èmi rò pé aṣọ ló ń sá.

Ohun tí Tòbi sọ fún wa lẹ́yìn náà ni pé, lọ́jọ́ yẹn, tíṣà béèrè mẹ́jọ lọ́nà mẹ́sàn-án. Tòbi kò mọ̀ ọ́n. Àánú mọ̀ ọ́n. Ó fò dìde, ó nawọ́ sókè, ó ní, "Èmi, Àǹtí, èmi." Ibi tó gbé ẹsẹ̀ kejì lé, afẹ́fẹ́ ni.

Mo gbọ́ gbì. Mo rò pé báàgì sìmẹ́ńtì ló wó, àfi ìgbà tí Tòbi figbe ta. Mo sáré yí ilé po, mo bá ọmọ mi lórí òkúta tí wọ́n kó jọ fún kọnkéré, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kọjú síbòmíràn. Ohun tí ìyá wa máa ń ṣe fún wa ni mo fẹ́ ṣe: kí n fà á dìde, kí n fi omi gbígbóná wọ́ ọ.

"Ìyá Àánú, ẹ má fà á. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà." Màmá Tòbi ni. Kí n tó gbójú sókè, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ mi, bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń bo irun sùn ṣì wà lórí wọn.

Pákó tí ọkọ mi fi ń da dẹ́kìn la tẹ́ Àánú sí, a fi ìró mi dì í mọ́ ọn, a gbé e sẹ́yìn mọ́tò wọn. Màmá Tòbi ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Ṣàngótẹ̀dó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ìwé tí pọ́líìsì fi ń jẹ́ kí wọ́n kọjá. Expressway dá bí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Àánú ń sunkún, ó sì ń bi mí: "Màmi, ṣé méjìléláàádọ́rin ni?" Kí ni mo mọ̀? Mo ní òun ni.

Ẹnu géètì ọsibítù ni wàhálà ti dúró dè wá. Sikiúrítì na nǹkan kan bí ìbọn sí iwájú orí mi, ó wò ó, ó fò sẹ́yìn. "Mọ̀dáàmù, ara yín gbóná." Mo fẹ́ fèsì, ikọ́ gbé mi. Ojú mi pọ́n, imú mi ń dà, ìdí iná ni mo ti ń bọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹnì kan ya àwòrán kòrónà, èmi ni ì bá yà. Ó ní ẹnikẹ́ni nínú mọ́tò yẹn kò ní wọlé, ká máa lọ sí ibi tí wọ́n ń kó àwọn oníkòrónà sí.

Àánú ní, "Màmi, mi ò mọ ìka ẹsẹ̀ mi lára mọ́."

Ẹnu mi tó ń bá gbogbo ọjà jà, ó gbẹ. Mo kúnlẹ̀ sínú oòrùn níbẹ̀. Àdúrà mi kò gùn. Mo ní, Olúwa, ẹnu tèmi ti bà mí jẹ́ tó. Ìwọ bá mi sọ̀rọ̀.

Mi ò tíì ṣe àmín tí Màmá Tòbi fi bọ́ sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ wá gbóòórùn obìnrin yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní ká jókòó sílé ni èéfín rẹ̀ ti ń wọ párlọ̀ mi. Ẹja ni. Bí kòrónà bá ń rùn báyìí, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ kú. Ẹ gbóòórùn aṣọ tèmi náà."

Ọkùnrin náà fa ìbòmú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ó fi imú fà á. Ó ní, "Ẹja ṣàwá?"

Mo ní, "Ṣàwá ni, sà."

Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbọ́ wa bú sẹ́rìn-ín, òun ló sì ti ibùsùn onítáyà jáde. Wọ́n gbé ọmọ wọlé. Èmi, wọ́n fi mí jókòó síbòòji, wọ́n da píọ̀ wọ́tà mẹ́ta lé mi lórí, wọ́n tún mi wọ̀n. Ara ti tutù. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí mo bá ti fà á ni, tàbí ká pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ ni àwọn ì bá gé.

Ẹ gbọ́, nínú wọ́ọ̀dù yẹn, ọmọ kan wà nítòsí wa tí omi gbígbóná dà sí lára nínú yàrá kan ṣoṣo tí ènìyàn mẹ́fà há mọ́. Òmíràn mu ọṣẹ olómi tí ìyá rẹ̀ rọ sínú ìgò mínírà láti tà. Kòrónà kò mú ìkankan nínú wọn. Ilé tí wọ́n ní ká jókòó sí ló mú wọn. Wọ́n ní àìsàn yẹn kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Dẹ́kìn mọ̀ wá yàtọ̀. Irin dídán ló yí ti Màmá Tòbi ká.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà, ọkọ mi dé, kò tíì jẹun tó fi kó búlọ́ọ̀kù yí etí dẹ́kìn wa ká. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ẹ lọ́mọ, ẹ rí ọkọ mi lẹ́yìn ìsìn. Ẹ wá búlọ́ọ̀kù, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Màmá Tòbi sì fi àga kejì síwájú kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹsẹ̀ Àánú ṣì wà nínú sìmẹ́ńtì funfun tí dókítà fi dì í. Wọ́n ṣì ń bínú sí èéfín mi. Èmi náà ṣì ń fèsì, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ kí wọn.

Mi ò ní parọ́ níwájú pẹpẹ: Àánú ń tiro díẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń tiro náà ń dé ibi tó ń lọ.

Àánú, dìde níbẹ̀, máa bọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má dì í mú, ó mọ̀ ọ́n rìn. Ẹ̀yin ará, ẹ wo ẹsẹ̀ tí wọn ì bá gé. Ẹni tó bá lè jó, kó jáde wá bá wa jó ti Olúwa. Ẹ ṣáà fi àyè sílẹ̀ fún un kó kọjá.