Àwọn Àga Jẹ́lé-ó-sinmi

Wọ́n ti ń ká aṣọ kúrò lórí orúkọ rẹ̀ lára ògiri yàrá ìwé kíkà tuntun náà nígbà tí Alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ na ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ó ní òótọ́ kan ti ń jẹrà nínú òun, òun kò sì ní gbé e wọ sàréè. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfọṣọ ńlá náà wo ara wọn. Wọ́n rò pé bàbá tó ń fẹ̀yìn tì fẹ́ sunkún ìdágbére ni.

Kò sunkún. Ó ní kí àbúrò òun obìnrin mú ọkọ rẹ̀ wá síwájú. Obìnrin náà fa ọkọ rẹ̀ tó fọ́jú lọ́wọ́ wá.

Alága ní nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jà kí wọ́n máa kọ́ àgbà ní ìwé láàárín wákàtí iṣẹ́, òun ló ṣíwájú ìjà náà, òun náà ni kò sì fẹ́ ẹ. Láràárọ̀ ni òun ń ka ìkéde sókè lẹ́nu géètì, tí àwọn òṣìṣẹ́ á yí òun ká bí adìẹ tó rí àgbàdo. Ewúrẹ́ lásán ni wọ́n lójú òun, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tó ń tẹ́tí sílẹ̀ ni. Bí wọ́n bá mọ̀wé, ta ni yóò kù tí òun yóò máa kà á fún?

Òun kò bá ẹ̀kọ́ náà jà o. Òun ṣe ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun lọ yan àga fún wọn: àga jẹ́lé-ó-sinmi, aláwọ̀ mèremère, tí kò ga dé orúnkún. Òun ní kí wọ́n tò wọ́n sí yàrá onígíláàsì tí gbogbo ayé ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ jẹun. Àwọn baba ọlọ́mọ jókòó, orúnkún wọn kan àgbọ̀n. Òun ló kọ́kọ́ yọjú bi wọ́n pé ṣé ìyá wọn di oúnjẹ ọ̀sán fún wọn. Kò pẹ́ tí yàrá náà fi dá páropáro.

Àna òun yìí ló pẹ́ jù níbẹ̀. Ó wá bá òun nílé pé, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá àga àgbà kan, ó kù díẹ̀ kí n lè ka ohun tí wọ́n kọ sára àgbá ọṣẹ.' Alága ní òun dá a lóhùn pé igi tó ti gbó kò ṣeé tẹ̀, kó lọ máa wo ọmọrí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọ̀ ọmọrí àgbá ni ẹni tí kò mọ̀wé ń wò níbẹ̀. Ọmọrí funfun, ọṣẹ ni. Pupa, omi tó ń bó awọ ara. Ìgbà tó yá, àwọn tó ń kó àgbá wá pààrọ̀ àwọ̀ ọmọrí: funfun di omi burúkú náà. Wọ́n lẹ ìkéde rẹ̀ mọ́ ògiri.

"Mo kà á sínú," ni Alága wí. "Àwọn tó dúró dè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà kò tó nǹkan. Inú bí mi. Àna mi bi mí pé, 'Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?' Mo ní, 'Ìwọ ọ̀mọ̀wé, kà á fúnra rẹ.' Ojú tì í, ó bá iṣẹ́ lọ. Kí agogo oúnjẹ tó lù, ó ti bu omi àgbá ọmọrí funfun, ó sì ta sí i lójú. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní mo kà á sókè, etí rẹ̀ ló di. Ó sọ òótọ́ pé n kò kà á, ìyàwó rẹ̀ pè é ní òpùrọ́. Èmi ni òpùrọ́. Foríjì mí."

Afọ́jú náà kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ṣé ọ̀kan kù nínú àwọn àga yẹn?" ni afọ́jú náà bi gbogbo wọn.

Ọ̀kan kù. Ọlọ́dẹ ń gbé ìkòkò omi rẹ̀ lé e lórí lẹ́nu géètì. Wọ́n gbé e wá.

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n."

Alága jókòó. Orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yọ orúkọ náà kúrò lára ògiri. Ihò ìṣó mẹ́rin ló kù níbẹ̀.