Ife Tánganran Tó Wà Lẹ́yìn Ìwé Mi

Ẹ wá ẹni tó mọ oúnjẹ sè jù mí lọ ní gbogbo àdúgbò yìí, kí ẹ mú un wá kí n rí i. Ìwé oúnjẹ mẹ́tàléláàádọ́jọ ló wà ní pálọ̀ mi. Àwọn kan wà tí epo ti rin gbingbin, àwọn kan wà tí mo gé lára ìwé ìròyìn tí mo sì lẹ̀ mọ́ inú ìwé àwọn ọmọ iléèwé, àní ọ̀kan wà tí wọ́n kọ ní èdè tí n kò gbọ́ rárá, àwòrán rẹ̀ nìkan ni mo ń wò tí itọ́ ń dà lẹ́nu mi. Ìyá Oníwèé ni wọ́n ń pè mí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sí oúnjẹ kan tí wọ́n kọ sínú ìwé tó dójú tì mí rí. Ẹyọ kan ṣoṣo! Irọ́ ni. Irọ́ funfun báláú ni. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni mo wà yìí, egungun ìbàdí mi ti ṣẹ́, àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Dókítà ń fọwọ́ pa àgbọ̀n nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ọkàn mi tó ti ń rẹ̀. Dókítà tó bá ń fọwọ́ pa àgbọ̀n, ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pe bàbá mi àti àbúrò mi lọ́sàn-án yìí, tí mo tú gbogbo ohun tó wà níkùn mi sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá yá ìwé lọ́wọ́ mi náà, ẹ gbọ́ tiyín.

Ọdún kejìdínlógún rèé tí ìyá wa kú. Ó fi ohun èlò ìdáná rẹ̀ sílẹ̀ fún èmi àgbà, ó sì fi ìwé oúnjẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ fún àbúrò mi. Èmi! Èmi tí mo ń kó ìwé jọ bí ẹni ń kó ọmọ jọ! Àbúrò mi tí kò ní ìwé oúnjẹ kan nílé ni wọ́n gbé ìwé fún. Mo rẹ́rìn-ín lójú ẹbí, mo ní, "Ohun tí màmá bá fẹ́ náà ni," ṣùgbọ́n inú mi ń hó bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni búrẹ́dì wà. Búrẹ́dì ìyá wa! Láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó máa ń gbé e wá sórí tábìlì nínú aṣọ ìnuwọ́ aláwọ̀ búlúù, á gbóná, á rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé, "Ìyẹ̀fun, ife mi mẹ́fà." Kì í ṣe ife èyíkéyìí o. Ife rẹ̀ ni, ife tánganran funfun kan tí ẹnu rẹ̀ ti bó, tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ wọnú. Ọwọ́ ta sì ni ife bọ́ sí? Ọwọ́ èmi tí mo kó ohun èlò ìdáná. Ẹni tó ní ìwé kò ní ife, ẹni tó ní ife kò ní ìwé. Ẹ̀gbọ́n tó bá jẹ́ ọmọlúàbí á ní, "Àbúrò, gbé ìwé wá, kí n gbé ife wá, ká jọ po ìyẹ̀fun." Èmi fi ife pamọ́ sẹ́yìn ìwé, lórí pẹpẹ òkè pátápátá.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi wá bá mi. Ó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí ife màmá nínú ẹrù yẹn? Mo ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀meje, kò jọ tiwọn."

"Ife wo?"

"Funfun yẹn, tí ẹnu ẹ̀ ti bó."

"Hẹn-ẹn. Màá wá a."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo lọ ra ife tánganran tuntun, ó tóbi ju ti ìyá wa lọ díẹ̀. Mo gbé e wọ balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé òòlù. Gbà! Gbà! Bàbá wa tó ń gbé lọ́dọ̀ mi pariwo láti pálọ̀: "Kí lò ń pa níbẹ̀ yẹn?" Mo ní, "Aáyán ni, Bàbá." Wọ́n ní, "Aáyán wo ló tó òòlù?" Mo fi iyanrìn ha inú rẹ̀, mo rẹ ẹ́ sínú omi tíì kí ó lè dà bí ohun tó ti gbó. Bí mo bá fi ìdajì ọgbọ́n yẹn sin Ọlọ́run ni, ǹ bá ti di wòlíì. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún àbúrò mi. Ó kúnlẹ̀ gbà á. Ó bu omi sínú rẹ̀, ó ń mu ún, omijé rẹ̀ sì ń kán sínú ife tó ń mu. Ó ní, "Ó dà bíi pé màmá ló fún mi lómi." Ẹ mọ ohun tí mo ń rò? Mo ń rò pé iṣẹ́ òòlù mi mọ́ lóòótọ́. Ṣé ẹ rí irú èèyàn tí mo jẹ́.

Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Búrẹ́dì ń jáde láti inú ààrò bí òkúta ìpìlẹ̀. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ra ọ̀kan, ó fi dá ilẹ̀kùn dúró, ó ní afẹ́fẹ́ ò lè gbé e mọ́ láyé. Àwọn èèyàn ní kó dín ìyẹ̀fun kù, ó kọ̀. "Ohun tí màmá kọ ni màá ṣe. Ife wọn ló wà lọ́wọ́ mi yìí." Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó gbé ìwé wá fún mi. "Ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Màmá mọ̀ pé ọwọ́ mi ò dáa, wọ́n kàn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni." Òtítọ́ wà lórí ahọ́n mi lọ́jọ́ náà. Mo gbé e mì, mo gba ìwé. Láti ìgbà náà ló ti ń ká aṣọ ní ilé ìfọṣọ, èyí tó kọjú sí ilé baba oníbúrẹ́dì ní ìkóríta.

Ẹ rò pé mo wá gbádùn? Ó yẹ kí n gbádùn! Ìwé wà, ife wà. Mo wọn ìyẹ̀fun, mo pò ó, mo tì í sínú ààrò, mo ń kọrin. Ìbejì òkúta àbúrò mi ló jáde. Mo ṣe é nígbà mọ́kànlá, mo bí òkúta mọ́kànlá. Bàbá wa ń bèèrè pé nígbà wo ni búrẹ́dì máa délẹ̀, ojú sì ń ti Ìyá Oníwèé. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú kan, mo yọ́ lọ sọ́dọ̀ baba oníbúrẹ́dì, mo ra tirẹ̀, mo wé e sínú aṣọ ìnuwọ́ aláwọ̀ búlúù, mo gbé e síwájú bàbá wa. Wọ́n gé e sẹ́nu, wọ́n dijú. "Tìyá yín gan-an nìyí." Láti ọjọ́ náà, n kò jẹ́ kí ọjọ́ Àìkú kan yẹ̀. Mo jí ife, mo jí ìwé, mo tún wá ń jí ìyìn oníbúrẹ́dì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gun àga kí n lè fi ìwé tuntun sórí pẹpẹ òkè. Pẹpẹ ní ó tó gẹ́ẹ́. Gbogbo rẹ̀ wó lé mi lórí, oúnjẹ gbogbo ayé sì dùbúlẹ̀ lé mi láyà. Àbúrò mi tó wá kí bàbá ló kọ́kọ́ sáré dé. Bó ṣe ń kó ìwé kúrò lórí mi ni ife ìyá wa yí gbirigbiri jáde, tó sì dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní ó tán. Ó gbé e, ó yí i wò. "Áà, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ife méjì ni màmá ní ni?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó sáré bu omi sínú rẹ̀, ó gbé orí mi lé itan, ó ń fún mi mu díẹ̀díẹ̀. Ìbàdí tó ṣẹ́ kò dùn mí tó omi yẹn.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún wọn lọ́sàn-án yìí. Mo ní, "Àbúrò mi, dárí jì mí kí wọ́n tó gbé mi wọlé lọ́la." Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kó ìwé jọ, ó dára, ẹ máa kó o, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá fún ẹlòmíràn, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Àbúrò mi fa aṣọ ìbora mi, ó ká a sí mẹ́rin. Ó wá ní, "Ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ̀gbọ́n mi. Òórùn búrẹ́dì baba yẹn ń fẹ́ sí mi láràárọ̀, mo ń sunkún sórí aṣọ olówó aṣọ pé ó jọ ti màmá. Mo máa dárí jì yín. Àmọ́ kì í ṣe lónìí. Ẹ tètè jí lọ́la."

Mo yíjú sí bàbá wa. Wọ́n ti jẹ oúnjẹ tí ilé ìwòsàn gbé wá fún mi dé ìdajì. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ dárí jì mí. Mo fi búrẹ́dì oníbúrẹ́dì tàn yín ní gbogbo ọdún wọ̀nyí."

Wọ́n nu ẹnu. "Ta lo tàn? Ibẹ̀ náà ni ìyá yín ti máa ń rà á."