Ìkíni Tí Mo Fi Ṣahun

Ìgbà tí ìbọn dún nínú oko ọkà bàbà, tí ẹ̀gbọ́n mi ṣubú lù mí, ni mo tó mọ̀ pé ìkíni tí mo fi ṣahun lè pa èèyàn. Ọdún mẹ́rin rèé, n kò sọ òtítọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Àgbẹ̀ ni mí ní apá Ṣakí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ gba etí oko ẹlòmíràn kọjá á kígbe láti òkèèrè pé, "Ẹ kú oko o!" Ajínigbé ti pọ̀ nínú igbó wa nígbà náà. Ẹni tí kò bá kí, olóko lè rò pé ajínigbé ni, kó yìnbọn fún un.

Èmi àti Bàbá Mùtíù, tí a jọ pààlà oko, ti jà. Mo búra pé n kò ní kí wọn mọ́.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi tó wá láti Ìsẹ́yìn tẹ̀ lé mi gba etí oko Bàbá Mùtíù kọjá. Wọ́n ní, "Kí bàbá yẹn o. Ẹnu ẹ ò ní bó."

Mo ní, "Kí wọ́n kọ́kọ́ kí èmi ná."

Ẹ̀gbọ́n mi lanu láti kígbe fúnra wọn. Mo fọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu. A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ìbọn dún. Ọta wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ wọn dà sí mi lójú.

Bàbá Mùtíù sáré jáde, wọ́n ju ìbọn sílẹ̀. "Yéè! Ẹ̀yin ni? Kí ló dé tí ẹ ò kí?"

Nígbà tí èrò dé, mo ní a kí wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Àwọn ọ̀dọ́ fi igi lu bàbá náà títí apá rẹ̀ fi kán, wọ́n dáná sun ilé rẹ̀. Mo dúró, mò ń wò.

Bàbá sá lọ sí ẹ̀bá bodè. Mùtíù ọmọ wọn ránṣẹ́ pé òun á fi àdá bẹ́ mi lórí. Láti ìgbà náà, n kò dá lọ oko mọ́.

Jímọ̀ tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé ni mo gbọ́ ohùn Mùtíù níta. "Ẹ kú ilé o!" Mo ti ilẹ̀kùn. Ó tún kí mi. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ó ti dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀, kò mú nǹkan kan dání.

"Bàbá ti kú," ó ní. "Wọ́n ní kí n má ṣe yín ní ibi. Wọ́n ní kí n wá bẹ̀ yín, pé etí àwọn ló di lọ́jọ́ náà, àwọn ò gbọ́ nígbà tí ẹ kí àwọn."

Mo ní, "Dìde, ọmọ mi. Ó ti tán."

Kò tán o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibi sàréè bàbá náà ni kí n lọ, kí n kí wọn, àbí ọmọ wọn ni kí n kọ́kọ́ sọ fún pé etí bàbá rẹ̀ kò di rárá?